Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Jí Oòrùn

Orí òrùlé ni Yẹ́misí ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Ó kúnlẹ̀ ti àwọn nǹkan pẹlẹbẹ dúdú kan tó ń dán, ó ń fi fóòmù àti omi ọṣẹ nù wọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìyá tó ń wẹ ọmọ jòjòló. Ọyẹ́ ti bo gbogbo Ijapo Estate lọ́jọ́ náà, ètè gbogbo èèyàn ti là, kò sì sí ẹni tó ń rántí fọ fèrèsé, áńbọ̀sì òrùlé.

Omi ọṣẹ ló kán sí Yẹ́misí léjìká bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà kọjá. Ọkùnrin náà yọjú, ó ní kó jọ̀ọ́ má bínú, òun ò mọ̀ pé èèyàn wà nísàlẹ̀. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, Yẹ́misí ì bá pòṣé, ì bá sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tíṣà ọmọ kéékèèké ni, ẹni tó bá sì ń bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà gbé láti àárọ̀ di ọ̀sán, àìsàn ìbéèrè wọn á ràn án.

"Kí lẹ̀ ń wẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" ó bi í.

"Sólà ni, mà."

"Òun náà máa ń dọ̀tí?"

"Ohun tó bá ti ń jẹun gbọ́dọ̀ dọ̀tí. Oòrùn ni oúnjẹ tirẹ̀, eruku ló wá dí i lẹ́nu."

Yẹ́misí ronú díẹ̀. "Bí òṣùpá bá wá yọ ńkọ́? Ṣé ó lè jẹ tòṣùpá?"

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lórí fóòmù. Lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀ ló tó sọ fún un pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kò tíì sí ẹni tó bi òun ní ohun mìíràn ju èló ni lọ. Ó wo ọmọbìnrin tó dúró nísàlẹ̀ náà, tó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, tó ń dúró de èsì bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ńlá ni.

"Á jẹ ẹ́," ó ní, "ṣùgbọ́n kò ní yó."

Yẹ́misí rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ojú ni ìfẹ́ ń gbà wọlé. Ti àwọn méjèèjì yìí, inú ìbéèrè ló gbà wọlé, kò sì sí ẹni tó rí i nígbà tó ń wọlé.

Olúyẹ́misí ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọmọ Oǹdó ni, ó sì háyà yàrá kan tó ń gbé ní Arákálẹ̀ nílùú Àkúrẹ́. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Bàbá rẹ̀ ló dá a tọ́, òun ló máa ń di irun rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìdì tí kò dọ́gba rárá, tí gbogbo ìyá ìjọ sì máa ń wò tí wọ́n á mi orí. Nítorí ìdì yẹn, Yẹ́misí ti pinnu láti ìgbà pípẹ́ pé ọkùnrin tó bá máa mú òun kúrò nílé, àfi kí bàbá òun gbé ọwọ́ lé òun lórí kó tó mú òun lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun á jókòó.

Akínlolú ni orúkọ ọkùnrin orí òrùlé. Ọmọ Ìjù ni, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ó kàwé nípa iná mànàmáná ní yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, ó wá iṣẹ́ ọ́fíìsì títí, nígbà tí kò rí i ló ra àkàbà. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Ohun tó wà lórí òrùlé, ó ní, kò sí nínú ọ́fíìsì.

Láti ọjọ́ omi ọṣẹ yẹn, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Yẹ́misí máa ń kó ìbéèrè àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá fún un. Níbo ni iná máa ń sá lọ bí NẸ́PÀ bá mú un? Kí ló dé tí fóònù fi ń gbóná bí ẹni tó ní ibà? Obìnrin tó ń sọ ọ̀nà fún awakọ̀ nínú fóònù, ṣé ó ti wá sí Àkúrẹ́ rí? Wọ́n á jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín bátìrì àti wáyà, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà, Akínlolú á sì máa ṣàlàyé. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára, Àkúrẹ́ inú rẹ̀ á jáde, á máa pe ilé ní ulé. Yẹ́misí á ní kó dákẹ́, kó má bàa ba ìwé àwọn ọmọ òun jẹ́. Akínlolú náà á máa pè é ní Àǹtí, bí àwọn ọmọ ọ̀hún ṣe ń pè é.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan béèrè bóyá èèrà máa ń gbọ́ rédíò.

Akínlolú ronú, ó họ orí. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Jẹ́ kí n lọ wò ó."

Yẹ́misí rò pé àwàdà ni. Nígbà tí wọ́n tún pàdé, ọkùnrin yìí ròyìn pé òun ti gbé rédíò kékeré òun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà èèrà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, òun sì lóṣòó tì í títí ẹsẹ̀ òun fi kú. Wọn ò yà fún ìròyìn, wọn ò yà fún orin. Ìgbà tí òun yí ohùn rẹ̀ sókè pátápátá ni wọ́n tó tú ká, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ tó ń gbọ̀n ni wọ́n sá fún, kì í ṣe ohùn. Nítorí náà, ó ní kí Yẹ́misí sọ fún ọmọ náà pé òun ò tíì mọ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni Yẹ́misí mọ̀ pé ọkọ òun nìyí. Ó ti rí ọkùnrin tó gbọ́n rí, wọ́n pọ̀ nígboro. Ẹni tó lè sọ pé òun ò mọ̀, kó sì dìde lọ wò ó, kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Yẹ́misí fúnra rẹ̀ ló mú un dé Oǹdó. Adéjọkẹ́, obìnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín lẹ́bàá ilé bàbá rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá ẹni tó mọ sólà ṣe, nítorí àìsíná ti ń ba ẹja òun jẹ́. Oṣù karùn-ún ni Akínlolú lọ ṣe é. Páànù ṣọ́ọ̀bù náà ti gbó, kò lè gba ẹrù, ni ó bá ri irin gíga sí ẹ̀yìnkùlé, létí ògiri bàbá Yẹ́misí, ó sì to sólà lé e lórí. Ó ṣe é dáadáa. Kó tó ṣe é, ó dúró níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó wo ibi tí òjìji máa bọ́ sí, ó sì rí i pé orí ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja ló bọ́ sí, kò dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Bàbá Yẹ́misí wà lóko lọ́jọ́ náà, wọn ò ríra.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣe tí kò dára, kò sì mọ̀ pé òun ṣe é. Nígbà tí Adéjọkẹ́ bi í bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ní ńṣe ló ń fa oòrùn mu bí ẹni ń fa ọsàn. Adéjọkẹ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo oníbàárà ló sọ ọ́ fún, ó sì sọ ọ́ lórí ògiri fún Bàbá Ọlọ́runníyì, bàbá Yẹ́misí.

Bàbá Ọlọ́runníyì, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ó wá ń ṣe kòkó. Kì í ṣe aláròkiri, kì í sì í gba ohun tí kò bá rí gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó ìparí ọdún dé, tó sá a sí orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ bó ṣe máa ń sá a lọ́dọọdún, kòkó kọ̀, kò gbẹ. Láàárọ̀, á tẹ́ ẹ, á lọ sóko. Nírọ̀lẹ́, á dé, á bá oòrùn lórí rẹ̀ rekete, ṣùgbọ́n bó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kòkó á tutù bí inú ìkòkò omi. Kò pẹ́ tí funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í bo ara rẹ̀, àwọn tó ń ra kòkó sì ní àwọn ò fẹ́ ẹ. Bàbá ro ó síwá sẹ́yìn, ó rántí ọ̀rọ̀ ọsàn tí Adéjọkẹ́ sọ, ó sì pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé nǹkan ẹ̀yìn ògiri ti ń fa oòrùn òun mu.

Yẹ́misí rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún Akínlolú, òun náà rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sọ ọ́ níwájú àwọn ọkùnrin ìjọ lẹ́yìn ìsìn, pé ẹnì kan láti Àkúrẹ́ ti wá jí oòrùn òun. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ nípa olè oòrùn, àwọn tó gbà á gbọ́ àti àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ló sì ń tún un sọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí nígbà tí Akínlolú ní òun fẹ́ lọ kí bàbá Yẹ́misí. Yẹ́misí mọ̀ pé ó yẹ kí òun ti jẹ́wọ́ fún bàbá òun pé Akínlolú ló ṣe sólà náà. Kò jẹ́wọ́. Ó ń retí pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò ní í wáyé, èyí tó jẹ́ òmùgọ̀ ìrètí, nítorí kò sí bàbá tí ọkùnrin máa wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní béèrè iṣẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kérésìmesì ni wọ́n lọ. Bàbá gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Iyán wà níbẹ̀, omi tútù wà níbẹ̀. Ó béèrè àwọn òbí Akínlolú, ó béèrè ìjọ tó ń lọ, inú rẹ̀ sì dùn sí èsì méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló béèrè iṣẹ́.

"Sólà ni mo ń ṣe, sà."

Bàbá gbé ife kalẹ̀. "Irú èyí tó wà lẹ́yìn ògiri mi yìí?"

Yẹ́misí la ẹnu láti yí ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n Akínlolú ti dáhùn. "Èmi ni mo ṣe ìyẹn, sà."

Bàbá kò pariwo. Ó dìde, ó ní kí wọ́n tẹ̀lé òun. Wọ́n dé ibi tó sá kòkó sí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti tàn bo gbogbo rẹ̀ láti etí dé etí. Bàbá di ọwọ́ Akínlolú mú, ó sì kì í bọ àárín kòkó.

"Ṣé o rí oòrùn?"

"Mo rí i, sà."

"Kòkó ńkọ́? Ó tutù àbí kò tutù?"

"Ó tutù, sà."

"Oòrùn tí o rí yìí, háhá rẹ̀ ló kù. Ẹ ti fa omi inú rẹ̀ mu kó tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Akínlolú rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, ó kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó bá ti bọ́, ẹ̀rín ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní sólà kò lè fa oòrùn tí kò bọ́ sí i lára, pé oòrùn kì í ṣe omi àmù tí ẹnì kan á mu kí ó tán fún ẹlòmíràn. Ó ní bóyá kòkó náà kò pẹ́ tó lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó kó o jáde, tàbí bóyá ọyẹ́ ni kò tíì dé. Ó ní òun fúnra òun dúró síbẹ̀ wò ó kí òun tó ri irin mọ́lẹ̀. "Kò ṣeé ṣe, sà," ló fi parí ọ̀rọ̀.

"Kò ṣeé ṣe," Bàbá tún un sọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá. Ó ní kí wọ́n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ọmọ náà dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ kàn gbọ́, mi ò lè fi ọ́ fún un."

Nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́, Yẹ́misí kọjú sí fèrèsé. Akínlolú ṣàlàyé oòrùn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé òun ni kò gbọ́ ọ yé. Ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́fà bi ọ́ nípa èèrà," ó ní, "kí lo sọ?"

"Mo ní mi ò mọ̀."

"Kí lo wá sọ fún bàbá mi?"

Akínlolú wo ọwọ́ tó fi kan kòkó. Yẹ́misí ní kò burú, òun náà rẹ́rìn-ín sí bàbá òun lórí fóònù, ìyẹn gan-an ló ń dun òun jù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e korò. Yẹ́misí fẹ́ràn Akínlolú, ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀, kò sì rí bí òun ṣe lè di ọ̀kan mú láìjù èkejì sílẹ̀. Ó sunkún ní yàrá rẹ̀ ní Arákálẹ̀, ó fọ ojú, ó lọ sí ilé ìwé. Ìbéèrè àwọn ọmọ ń gorí ara wọn láìsí èsì. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ béèrè bóyá bùọ̀dá onísólà ti kú ni. Yẹ́misí ní kò kú, ó kàn ń ronú ni.

Òótọ́ ni, ó ń ronú. Lọ́jọ́ tí ilé ìwé máa gba ìsinmi Kérésìmesì, ohùn rẹ̀ wọlé sórí fóònù Yẹ́misí. "Àǹtí," ó ní, "mo ní ìbéèrè kan. Kí ló lè mú kí kòkó tutù nínú oòrùn? Èmi ò mọ̀. Mo fẹ́ lọ wò ó, bí wọ́n bá gbà mí láàyè."

Yẹ́misí gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́. Èsì tó fi ránṣẹ́ kò gùn. Ó ní òun ń lọ sílé lónìí, àárọ̀ kùtù sì ni Bàbá máa ń tẹ́ kòkó.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, Akínlolú ti wà lẹ́nu géètì. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá. Ó ní òun kò wá ṣàlàyé ohunkóhun lónìí, ńṣe ni òun fẹ́ tọrọ àyè kí òun jókòó ti kòkó náà títí oòrùn á fi wọ̀. Bàbá ṣí géètì sílẹ̀. Ó ní oòrùn kì í ṣe ti òun nìkan, kó jókòó. Lẹ́yìn náà ló fi àdá oko rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun náà kò lọ sóko mọ́, kí wọ́n má bàa fi òun ṣe ọmọdé nínú ilé ara òun.

Báyìí ni wọ́n ṣe jókòó, bàbá sórí àga, àna tí kò tíì di àna sórí àpótí, Yẹ́misí sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àkàrà àti ògì. Oòrùn yọ, ó tàn sórí kòkó, kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àyíká. Bàbá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní ó gbóná. Ohùn rẹ̀ kò dùn nígbà tó ń sọ ọ́. Yẹ́misí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé bóyá Akínlolú ló máa jàre, kò sì mọ̀ bóyá ohun tí òun fẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí àwọn ará àdúgbò ti lọ sí ọjà tán, nǹkan dúdú kan yọ́ kọjá lórí ògiri. Ó sọ̀ kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó fẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ lórí kòkó. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń wò ó, ó bo ìdajì, ó sì bo èyí tó ju ìdajì lọ. Òjìji irin Adéjọkẹ́ ni, pẹ̀lú sólà orí rẹ̀, ó hàn kedere débi pé èèyàn lè rí àlà tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì.

Bàbá dìde, ó bọ́ bàtà, ó sì rìn wọnú òjìji náà. Ó dúró níbẹ̀. Ó tún rìn jáde, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó sì mú ṣọ́ọ̀kì bọ̀, ọ̀kan lára èyí tó kù sí i lọ́wọ́ láti ayé tíṣà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìlà sí etí òjìji. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún fa òmíràn. Akínlolú lọ bá a, ó ń gbá kòkó kúrò lọ́nà ṣọ́ọ̀kì, àwọn méjèèjì sì ń fa ìlà lọ bí oòrùn ṣe ń rìn. Yẹ́misí ń wò wọ́n láti orí àtẹ̀gùn. Kò tíì rí bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fi ìwé ìfẹ̀yìntì lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, òjìji sún kúrò lórí kòkó, oòrùn sì tàn bò ó padà láti etí dé etí. Bàbá na ẹ̀yìn.

"Àkókò yìí gan-an ni mo máa ń ti oko dé," ó ní.

Akínlolú dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní Bàbá ló jàre. Ó ní oṣù karùn-ún ni òun wá wò ó, oòrùn wà lápá àríwá nígbà náà, òjìji sì ń bọ́ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja. Ó ti wá sún sí gúúsù báyìí, òun kò sì padà wá wò ó. "Èmi ni mo gba oòrùn yín, sà. Ẹ tún sọ fún mi, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú."

"Dìde, o ń da kòkó mi rú," Bàbá ní. Ó jókòó. "Àgbẹ̀ wo ni kò mọ̀ pé ibi tí oòrùn ń gbà nígbà òjò kọ́ ló ń gbà nígbà ọyẹ́? Mo mọ̀ ọ́n, n kò so ó mọ́ irin yẹn ni. Mo ní ó ń fà á mu. Kò fa nǹkan kan mu, dídí ló ń dí i. Wọ́n ní ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun àkàbà, kò lè rí i. Èmi ni mi ò jókòó."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Akínlolú bá Yẹ́misí létí ògiri. Ṣọ́ọ̀kì ti kun gbogbo ìka rẹ̀. Ó ní òun ti bá Adéjọkẹ́ sọ ọ́, òun máa tú irin náà, òun máa gbé e lọ sí ojú títì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Adéjọkẹ́ ti bínú tán, ó sì ti gbà.

"Ìbéèrè kan ló kù," ó ní.

"Béèrè."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Yẹ́misí wo ọwọ́ rẹ̀ funfun yẹn, ó wo ojú rẹ̀. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Jẹ́ kí n lọ wò ó."

Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọlé lọ bá bàbá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Bàbá kò béèrè kí ló fẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ tó ń di irun kan náà yẹn, ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ́. Nígbà tí Yẹ́misí jáde padà, ṣọ́ọ̀kì wà lórí irun rẹ̀. Akínlolú rí i, kò sì tún béèrè mọ́.

Irin kúrò, kòkó gbẹ, ẹbí Ìjù wá, ẹbí Oǹdó gbà wọ́n. Ó wá ku ìkéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ àti èkejì, fíkà ka orúkọ wọn, kò sí ẹni tó wí nǹkan kan. Ní ẹ̀kẹta, ó tún kà á, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí àwọn méjèèjì yìí di ọ̀kan, kí ó sọ ọ́ nísinsìnyí.

Bàbá Ọlọ́runníyì dìde.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú. Yẹ́misí rí i pé ọwọ́ Akínlolú di etí àga mú.

"Gbogbo yín lẹ gbọ́ lẹ́nu mi pé ọmọkùnrin yìí jí oòrùn mi," Bàbá ní. "Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ibí ni mo ti jù ú sílẹ̀, ibí ni mo sì dúró sí. Kò jalè. Ó ṣàṣìṣe, èmi náà ṣàṣìṣe, òun ló kọ́kọ́ wá jókòó láti mọ̀ ọ́n." Ó wo fíkà. "Èmi ò mọ ìdí kankan. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, sà."

Ó jókòó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, fíkà wúkọ́, ìsìn sì ń lọ. Omijé ń bọ́ lójú Yẹ́misí, kò nù ún.

Níta, nígbà tí àwọn èèyàn ti kí wọn tán, Bàbá fa Akínlolú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ibi tuntun tó gbé irin náà sí dára, òun ò ní ẹjọ́. Ohun kan ló kàn ń jẹ òun lọ́kàn. Bó bá di oṣù karùn-ún, tí oòrùn bá ti padà sí àríwá, níbo gan-an ni òjìji ọ̀hún máa dé?

Akínlolú mọ ìdáhùn rẹ̀. Yẹ́misí rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n, pé ó ti ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

Bàbá ki ọwọ́ sínú àpò agbádá, ó mú ṣọ́ọ̀kì kan jáde, ó sì nà án sí i. Akínlolú fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ní bí oṣù karùn-ún bá dé, kí Bàbá gbá ilẹ̀ sìmẹ́ńtì náà mọ́ de àwọn, òun àti ìyàwó òun ń bọ̀ wá jókòó.